Ìṣẹ́jú 25, Ṣùgbọ́n Ní Aago Mélòó?

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Mo ka àpilẹ̀kọ tí ẹ gbé jáde láìpẹ́ yìí lórí ohun tó yẹ kí èèyàn wò kó tó kó lọ sí àdúgbò ẹ̀yìn ìlú, mo sì gbádùn rẹ̀. Ẹni tó kọ ọ́ yẹ ògiri wò, ó yẹ òrùlé wò, ó sọ̀rọ̀ omi àti ti aládùúgbò, ṣùgbọ́n gbólóhùn kan ṣoṣo ló fi ṣe ọ̀rọ̀ ọ̀nà tí onílé tuntun yóò máa gbà lọ síbi iṣẹ́: ó ní kí a rí i dájú pé ilé náà kò jìnnà jù. Gbólóhùn yẹn ló mú mi kọ lẹ́tà yìí, nítorí pé ibi tí ilé jìnnà dé kọ́ ló ń dá èèyàn dúró lọ́nà ní àárọ̀ ọjọ́ iṣẹ́. Aago tí èèyàn jáde ni.

Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú ni ejẹ́ńtì tó bá mi wá ilé mú mi lọ wo ibi tí mò ń gbé báyìí. Láti iwájú ọ́fíìsì mi, ìṣẹ́jú 25 ni a fi dé ibẹ̀; mo wo aago ọwọ́ mi lẹ́ẹ̀mejì, inú mi sì ń dùn. Ọkùnrin náà kò parọ́ fún mi o. Ìṣẹ́jú 25 náà ni lóòótọ́, lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú, tí a bá ń ti ìlú bọ̀. Lọ́jọ́ Ajé àkọ́kọ́ tí mo jáde láti ilé tuntun náà, aago méje ku ogún ìṣẹ́jú ni mo ṣí géètì, aago mẹ́jọ sì ti kọjá ìṣẹ́jú 25 kí n tó rí ibi gbé ọkọ̀ sí lẹ́nu iṣẹ́. Ìṣẹ́jú 105 gbáko, lórí ọ̀nà kan náà, pẹ̀lú ọkọ̀ kan náà.

Ohun tó fà á kò ṣòro láti rí bí èèyàn bá dúró sójú kan, mo sì dúró sójú kan dáadáa. Ìlà ọkọ̀ mẹ́ta ló ń bọ̀ láti ẹ̀yìn ìlú, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti dé ẹsẹ̀ afárá, méjì péré ló kù. Láàárọ̀ ọjọ́ kan tí mo ti pa ẹ́ńjìnnì níbẹ̀, mò ń wo mọ́tò funfun kan nínú ìlà ọwọ́ ọ̀tún mi, ìyẹn ìlà tó máa tán: awakọ̀ rẹ̀ ti na apá síta fèrèsé, ó ń fi ọwọ́ bẹ ẹni tó wà lẹ́yìn mi, ó ti yí táyà iwájú sí ọ̀dọ̀ wa, ọkọ̀ náà kò sì kúrò níbi tó wà títí orin mẹ́ta fi tán lórí rédíò mi.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Bí ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan bá fi ìṣẹ́jú àáyá 2 jìnnà sí èyí tó ṣáájú rẹ̀, ọkọ̀ 1,800 ni ìlà kan lè gbà kọjá ní wákàtí kan. Ìlà mẹ́ta yóò kó 5,400 wá, ìlà méjì yóò gba 3,600 kọjá, 1,800 yóò sì ṣẹ́kù sójú títì. Bí ìwọ́jọ náà bá bẹ̀rẹ̀ ní aago 6:30, ẹni tó bá dé ìdí rẹ̀ ní 6:45 yóò dúró fún ìṣẹ́jú méje àtààbọ̀, ẹni tó dé ní 7:00 yóò dúró fún 15, ẹni tó sì dé ní 7:30 yóò fi 30 gbáko dúró kó tó gun afárá. Ìyẹn ni pé ẹni tó fi ìṣẹ́jú 15 kún oorun rẹ̀ yóò fi ìṣẹ́jú 22 àtààbọ̀ pẹ́ sí i kó tó dé òdìkejì. William Vickrey, onímọ̀ ètò ọrọ̀ ajé tó gba ẹ̀bùn Nobel ní 1996, ti ṣàlàyé irú ibi tó fún bẹ́ẹ̀ láti ọdún 1969: gbogbo ẹni tó bá fẹ́ kọjá ló máa san nǹkan, ẹnì kan á fi oorun san án, ẹnì kan á fi ìdúró san án, ẹnì kan á sì fi pípẹ́ lẹ́yìn san án. Kí èèyàn tó gba ilé, ó yẹ kó ti mọ èyí tí òun máa san nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ní òwúrọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́.

Nígbà tí ojú mi là, mo fi ìwé kékeré kan sínú ọkọ̀. Fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni mo fi ń kọ ìgbà tí mo kúrò ní géètì àti ìgbà tí mo jókòó sídìí tábìlì mi sínú rẹ̀, mo sì ń pààrọ̀ ọ̀nà méjì. Ọ̀nà márosẹ̀ ni èkíní. Èkejì ni ọ̀nà àtijọ́ tó gba inú àwọn àdúgbò kọjá, tó gba afárá mìíràn, tó sì ní iná adarí-ọkọ̀ mọ́kànlá, ọ̀nà tí ẹnikẹ́ni kì í júwe fún àlejò. Ọ̀nà márosẹ̀ gbà mí ní ìṣẹ́jú 40 lọ́jọ́ tó dára jù, ó sì gbà mí ní 105 lọ́jọ́ tó burú jù. Ọ̀nà àtijọ́ kò gbà mí ní ohun tó dín sí 60 rí, kò sì gbà mí ju 75 lọ. Bí a bá ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, tí a sì pín in dọ́gba, ọ̀nà márosẹ̀ fi ìṣẹ́jú díẹ̀ yá jù. Àmọ́ ọ̀gá iṣẹ́ kì í fi ìpíndọ́gba pe èèyàn síta. Ẹni tó gbọ́dọ̀ jókòó ní aago mẹ́jọ, tí kò sì fẹ́ kí wọ́n bá òun sọ̀rọ̀, ní láti kúrò nílé ní 6:15 bó bá fẹ́ gba ọ̀nà márosẹ̀, nítorí pé kò mọ ọjọ́ tí 105 yóò yọjú. Bó bá gba ọ̀nà àtijọ́, 6:45 ti tó. Nítorí náà, ọ̀nà tí gbogbo ayé ní ó yá ni ó ń gba ọgbọ̀n ìṣẹ́jú oorun mọ́ mi lọ́wọ́ lójoojúmọ́.

Kò dìgbà tí jàǹbá bá ṣẹlẹ̀ kí ọ̀nà tó fẹ̀ tó dì pa. Àwọn onímọ̀ kan ní Jàpáànù to ọkọ̀ 22 sórí ọ̀nà tó yípo, tí gígùn rẹ̀ jẹ́ mítà 230, wọ́n sì ní kí gbogbo wọn máa sá eré kìlómítà 30 ní wákàtí kan. Kò sí iná, kò sí kòtò, kò sí ìkóríta, síbẹ̀ kò pẹ́ tí àwọn kan fi bẹ̀rẹ̀ sí dúró láàárín wọn, tí ìdúró náà sì ń ti ọ̀dọ̀ ọkọ̀ kan bọ́ sí ọ̀dọ̀ èyí tó wà lẹ́yìn. Ọdún 2008 ni wọ́n tẹ àbájáde rẹ̀ jáde. Ojú ọ̀run tó ẹyẹ fò láìfara kanra, ṣùgbọ́n ojú títì kò tó ọkọ̀, ẹsẹ̀ kan lórí bíréèkì sì ti tó láti dá ọgọ́rùn-ún dúró.

Ẹlòmíràn yóò ní, àbùjá ńkọ́? Èmi náà wá àbùjá. Òpópó tóóró kan ni, tó so ọ̀nà márosẹ̀ mọ́ ọ̀nà àtijọ́ níwájú díẹ̀, oṣù mẹ́ta ni mo sì fi jẹ ìgbádùn rẹ̀ kí mápù orí fóònù tó mọ̀ ọ́n. Látìgbà náà, gbogbo wa la jọ ń bẹ níbẹ̀. Dietrich Braess, onímọ̀ ìṣirò ará Jámánì, ti fi hàn ní 1968 pé irú àbùjá bẹ́ẹ̀ lè ba ọ̀nà jẹ́ mọ́ gbogbo èèyàn lọ́wọ́. Ẹ fojú inú wo awakọ̀ 4,000 tí wọ́n ní ọ̀nà méjì láti gbà dé ìlú. Ọ̀nà kọ̀ọ̀kan ní apá tó fẹ̀, tó ń gba ìṣẹ́jú 45 bó ti wù kí ọkọ̀ pọ̀ tó, àti apá tó fún, tó ń fi ìṣẹ́jú kan pẹ́ sí i fún ọgọ́rùn-ún ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan tó bá wọ̀ ọ́. Ọ̀kan fún níbẹ̀rẹ̀, èkejì fún níparí. Bí wọ́n bá pín ara wọn sí 2,000 méjì, ìṣẹ́jú 20 lé 45 ni, àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 65. Wàyí o, kí ẹnì kan la àbùjá tí kò gba àkókò kankan láti ìparí apá fífún ti èkíní sí ìbẹ̀rẹ̀ apá fífún ti èkejì. Olúkúlùkù yóò rí i pé apá fífún kò lè gbà ju ìṣẹ́jú 40 lọ bí gbogbo 4,000 bá tilẹ̀ wọ̀ ọ́, 40 sì sàn ju 45 lọ, nítorí náà gbogbo wọn yóò gba apá fífún méjèèjì: 40 lé 40, ó di 80. Kò sí ọ̀kan tó gọ̀ nínú wọn, gbogbo wọn ló sì pàdánù ìṣẹ́jú 15.

Ìdí nìyẹn tí n kò fi ní gba ẹnikẹ́ni níyànjú láti gba ilé nítorí àbùjá tí wọ́n fi hàn án. Ohun tí mo máa ń wí fún àwọn tó bá bi mí ni pé kí wọ́n wá ibi tó ní ọ̀nà méjì tí kì í pàdé kí wọ́n tó kọjá ibi tó fún. Ọ̀nà méjì tí wọ́n jọ ń wọ afárá kan ṣoṣo, ọ̀nà kan ni.

Bí wọ́n bá fẹ́ dán ọ̀nà náà wò, kí wọ́n gbéra láti ẹnu ọ̀nà ilé yẹn gan-an ní 6:30, lọ́jọ́ iṣẹ́, nígbà tí àwọn ọmọ ilé ìwé kò sí ní ìsinmi. Ẹni tó ti ìlú lọ wo ilé ní àárọ̀ ń lọ ní òdìkejì ìwọ́jọ ni, títì á dá lójú rẹ̀. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n tún padà wá ní ìrọ̀lẹ́, torí pé ibi tí ọ̀nà ti ń fún ní àlọ lè má jẹ́ ibi tó ti ń fún ní àbọ̀, àti pé bó bá di pé kí èèyàn dábùú àwọn tó ń bọ̀ lójúkojú kó tó wọ àdúgbò rẹ̀, níbi tí kò sí iná adarí-ọkọ̀, ibẹ̀ nìkan lè jẹ ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Kí n fi èyí kún un, bó tilẹ̀ dà bí àwàdà: ẹni tí ilé rẹ̀ wà ní ìwọ̀ oòrùn ìlú yóò máa kọjú sí oòrùn ní àlọ, yóò sì máa kọjú sí i ní àbọ̀. Ìwọ̀ oòrùn ni ilé tèmi wà.

Ní ti ẹni tó máa wọ bọ́ọ̀sì tàbí ọkọ̀ ojú irin, ìbéèrè tirẹ̀ yàtọ̀ díẹ̀. Kì í ṣe bí ibùdókọ̀ ṣe sún mọ́ ilé tó nìkan ni kó wò, kó wo bí ọkọ̀ ṣe máa ń kún tó nígbà tó bá dé ibẹ̀. Ẹni tó ń gbé nítòsí ibi tí ọkọ̀ ti ń gbéra yóò rí ìjókòó. Ẹni tó wà ní ibùdókọ̀ kẹjọ, tó sún mọ́ ìlú jù ú lọ, lè máa wo ọkọ̀ mẹ́ta tó kún kọjá lójú rẹ̀. Bí ọkọ̀ bá ń wá ní ìṣẹ́jú márùn-ún márùn-ún, ìyẹn ṣì ṣe é fara dà. Bó bá jẹ́ ọgbọ̀n ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ni, ẹ̀mẹ́ta á ti di wákàtí kan àtààbọ̀.

Ohun tí mo ń bẹ̀ yín fún kò pọ̀, Olóòtú. Lójú ewé ìpolówó ilé yín, mo sábà máa ń rí i pé wọ́n kọ “ìṣẹ́jú 25 sí àárín ìlú” sábẹ́ àwòrán. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ sọ ọ́ di dandan fún ẹnikẹ́ni tó bá kọ irú rẹ̀ láti kọ ọjọ́ àti aago tó fi wọ̀n ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Bó bá jẹ́ ọ̀sán ọjọ́ Àìkú, kó kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Bí kò bá sì lè kọ ọ́, ẹ yọ ìṣẹ́jú náà kúrò, kí ẹ sì fi iye kìlómítà nìkan síbẹ̀.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Òǹkàwé yín láti ẹ̀yìn ìlú