Lẹ́tà sí Bàbá Tí Ọkọ̀ Wọn Ń Hó Lẹ́bàá Afárá Májídùn

Ẹ̀yin bàbá wa,

Mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ẹ kò mọ̀ mí, èmi náà kò sì mọ orúkọ yín, ṣùgbọ́n ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀ tó kọjá, mo wà nínú bọ́ọ̀sì tó ń ti Máìlì 12 bọ̀ wá sí Ìkòròdú, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ sì ti dá wa dúró lẹ́bàá afárá Májídùn, nígbà tí mo rí yín níwájú Toyota Corolla àtijọ́ kan tí ẹ ti ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì rẹ̀ sílẹ̀. Ooru ń rú láti inú rẹ̀ bí ìgbà tí ènìyàn ṣí ìkòkò ẹ̀kọ, ẹ sì ń fi eyín ya ọ̀rá omi tútù, ẹ ń dà á sórí ẹ́ńjìnnì. Mo ké sí yín láti ojú fèrèsé pé kí ẹ jọ̀ọ́ dúró ná, ṣùgbọ́n ohùn mi kò dé ọ̀dọ̀ yín kí bọ́ọ̀sì náà tó ṣí. Ọ̀rọ̀ náà kò kúrò lọ́kàn mi láti ọjọ́ yẹn, nítorí ohun tí ẹ ń ṣe ni èmi náà ṣe ní ọdún 2021, tí mo fi ba ẹ́ńjìnnì kan jẹ́, èyí tí bàbá mi ti fi ọdún 11 tọ́jú kí ó tó bọ́ sí mi lọ́wọ́.

Ẹ má ṣe rò pé ọmọdé fẹ́ kọ́ àgbà ní ọkọ̀ wíwà. Ohun tí ojú mi rí ni mo fẹ́ sọ fún yín, kí tiyín má baà dé ibi tí tèmi dé.

Corolla ni ọkọ̀ bàbá mi náà, ti ọdún 1996. Bí ìṣòro rẹ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀ ni pé nígbàkigbà tí a bá há sójú kan láàárín Owódé Onírin àti Ajégúnlẹ̀, ọwọ́ géèjì ìgbóná yóò máa gòkè díẹ̀díẹ̀, ṣùgbọ́n bí ọ̀nà bá ti là, tí mo sì sáré díẹ̀, yóò tún sọ̀ kalẹ̀. Ká ní mo mọ èdè tí ọkọ̀ náà ń sọ nígbà yẹn ni, owó kékeré ni ìbá parí ọ̀rọ̀ náà. Bí ọkọ̀ bá ń sáré, afẹ́fẹ́ ojú ọ̀nà fúnra rẹ̀ ni ó ń gba inú rédíétọ̀ kọjá tí ó ń mú omi tutù. Bí ọkọ̀ bá dúró, fáànù nìkan ni ó kù tó lè ṣe iṣẹ́ náà. Nítorí náà, ọkọ̀ tó bá ń gbóná nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ tó sì ń rọlẹ̀ lójú eré, fáànù rẹ̀ ni kí a kọ́kọ́ yẹ̀ wò: bóyá mọ́tò rẹ̀ ti rẹ̀, bóyá fíúùsì rẹ̀ ti jó, bóyá ohun tó ń sọ fún un pé omi ti gbóná ni kò ṣiṣẹ́ mọ́. Ṣùgbọ́n èyí tó bá jẹ́ pé ìgbà tí ó ń sáré tàbí tí ó ń gun òkè ni ó ń gbóná, omi rẹ̀ ni kò yí po bó ṣe yẹ. Ó lè ti dín kù, inú rédíétọ̀ lè ti dí, tàbí kí páǹpù omi ti kú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rántí èwo nínú méjèèjì ni tiyín, nítorí ìyẹn ṣe pàtàkì ju gbogbo ohun tí ẹnikẹ́ni lè gbọ́ bó ṣe fi etí sí ẹ́ńjìnnì lọ.

Mẹkáníìkì tí mo gbé tèmi lọ bá kò wo fáànù. Ó ní thermostat ló bàjẹ́, pé kò tilẹ̀ wúlò ní ilẹ̀ olóoru bíi tiwa, ó sì yọ ọ́ sọ nù. Mo gbà á gbọ́, nítorí pé ohun kan náà ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń sọ. Ó dùn mí títí di òní pé ìgbàgbọ́ yìí gbilẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ láàárín wa. Ilẹ̀kùn kékeré ni thermostat: ó máa ń tì pa nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá tutù, nígbà tí omi bá sì gbóná dé nǹkan bí ìwọ̀n 82 lórí òṣùwọ̀n Celsius, yóò ṣí kí omi lè lọ sí rédíétọ̀. Bí kò bá sí níbẹ̀, ẹ́ńjìnnì kì í tètè gbóná dé ìwọ̀n tí wọ́n ṣe é fún, yóò máa mu epo ju bó ṣe yẹ lọ, yóò sì tètè gbó. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, ọ̀nà kékeré mìíràn tún wà tí omi fi ń padà sínú ẹ́ńjìnnì láìgba inú rédíétọ̀ kọjá, thermostat yìí kan náà ni ó sì ń dí ọ̀nà náà nígbà tí ó bá ṣí ti ńlá. Ẹni tó bá yọ ọ́ ti ṣí ọ̀nà ẹ̀bùrú fún omi gbígbóná títí ayé, ọkọ̀ tí a torí ooru yọ thermostat rẹ̀ sì lè bẹ̀rẹ̀ sí gbóná ju ti àtẹ̀yìnwá lọ.

Èyí tí mo fi ọwọ́ ara mi ṣe tilẹ̀ burú ju ìyẹn lọ. Omi kànga wa ní Ìgbógbò ni mo ń bù sínú rédíétọ̀ ní àràárọ̀ fún nǹkan bí ọdún méjì, omi tó jẹ́ pé bí a bá gbé e sílẹ̀ mọ́jú, isàlẹ̀ garawa yóò pọ́n. Irin ni inú ẹ́ńjìnnì, omi lásán a sì máa mú irin dípẹtà. Nígbà tí wọ́n tú rédíétọ̀ náà nígbẹ̀yìn, ẹrẹ̀ pupa ti dí ju ìdajì àwọn ihò tẹ́ẹ́rẹ́ inú rẹ̀ lọ, ìpẹtà sì ti jẹ abẹ̀bẹ̀ páǹpù omi kù bí eyín arúgbó. Àwọn kan máa ń sọ pé ìlú òtútù ni kúláǹtì, èròjà olómi tí a ń pò mọ́ omi rédíétọ̀, wà fún. Lóòótọ́ ni pé yìnyín kì í bo Ìkòròdú, ṣùgbọ́n kúláǹtì tún ń dènà ìpẹtà, kì í sì í jẹ́ kí omi tètè hó. Ìdajì rẹ̀ àti ìdajì omi tí kò ní iyọ̀ ilẹ̀ nínú ni kí a pò pọ̀, bí kì í bá ṣe èyí tí wọ́n ti pò tẹ́lẹ̀.

Ẹ má fojú kéré ìdérí rédíétọ̀ pẹ̀lú. Agbára tí ó fi ń ki omi mọ́lẹ̀ ni kì í jẹ́ kí omi náà hó ní ìwọ̀n 100 bíi ti orí ààrò. Ìdérí tó bá ń ki omi mọ́lẹ̀ pẹ̀lú agbára bar 0.9 (bar ni òṣùwọ̀n irú agbára bẹ́ẹ̀) yóò jẹ́ kí omi lásán pàápàá dé nǹkan bí 118 kí ó tó hó. Bí rọ́bà abẹ́ rẹ̀ bá ti gbó, gbogbo àǹfààní yìí ti lọ.

Ọjọ́ tí ẹ́ńjìnnì náà kú, Ògólóńtò ni ọwọ́ géèjì ti dé orí H, àmì pé ó ti gbóná jù. Mo wò ó pé ilé kò jìnnà mọ́, mo ń wà á lọ. Lójijì ni ọwọ́ náà já wálẹ̀, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run pé ó ti rọlẹ̀. Èmi kò mọ̀ pé omi ló ti tán pátápátá, tí ohun tó ń ka ìgbóná kò sì rí omi kankan kà mọ́. Kí n tó dé Sábó, ó ti bẹ̀rẹ̀ sí pariwo, ó sì kú. Álúmíníọ̀mù ni orí ẹ́ńjìnnì yẹn, irin ni ìsàlẹ̀ rẹ̀, bí méjèèjì ṣe ń fẹ̀ nínú ooru kò sì dọ́gba. Orí náà ti tẹ̀, gáskẹ́ẹ̀tì àárín wọn ti jó, ọ́ìlì sì ti dà bí ògì tí a bu mílíìkì sí.

Ohun tí mo fẹ́ ké sí yín láti inú bọ́ọ̀sì nìyí: ẹ má ṣe da omi tútù sórí irin tó gbóná, nítorí ó lè sán. Ẹ má sì ṣí ìdérí rédíétọ̀ nígbà tí ó ṣì gbóná, nítorí omi inú rẹ̀ lè bó ènìyàn lójú. Nígbà tí ọwọ́ géèjì bá ti bẹ̀rẹ̀ sí gòkè nínú gosiló, ẹ pa ẹ̀rọ amúlétutù, kí ẹ tan èyí tó ń fẹ́ ooru sínú ọkọ̀ dé òpin, bó tilẹ̀ ń ni yín lára, nítorí ara ẹ́ńjìnnì ló ti ń gbé ooru náà. Bí kò bá sọ̀ kalẹ̀, ẹ yà sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, kí ẹ pa ọkọ̀, kí ẹ dúró fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ó kéré tán, títí ẹ ó fi lè gbé ọwọ́ lé rọ́bà òkè rédíétọ̀ láìjó yín. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ fi àkísà nípọn yí ìdérí náà díẹ̀, kí ẹ jẹ́ kí èémí inú rẹ̀ jáde tán, kí ẹ tó ṣí i.

Bí ẹ bá gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹni tí yóò tún un ṣe, ẹ má jẹ́ kí ó tú ohunkóhun ná. Ẹ ní kí ó tan ọkọ̀ náà sílẹ̀ lójú yín lórí ìdúró, kí ẹ sì jọ máa wò ó bóyá fáànù yóò yí fúnra rẹ̀ nígbà tí géèjì bá kọjá àárín díẹ̀. Bí èéfín funfun bá ń jáde lẹ́nu sàlẹ́ńsà, tàbí tí omi ń dín kù láìjò síta, ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ gáskẹ́ẹ̀tì wò kí ẹ tó tún wà á gba Májídùn kọjá.

Èmi ni ọmọ yín,
ẹni tó ké sí yín láti ojú fèrèsé bọ́ọ̀sì.