Ìdí Tá A Fi Ń Béèrè Oṣù Kí A Tó Ta Irúgbìn Lẹ́túùsì fún Yín

Ẹ̀yin oníbàárà wa, ẹ kú àtìlẹ́yìn, ẹ kú ìnáwó.

Ọ̀pọ̀ yín ló ń bi wá pé kí ló dé tá a kì í kàn gba owó, ká sì gbé irúgbìn Iceberg fún ẹni tó bá béèrè. A ó kọ́kọ́ bi yín pé oṣù wo lẹ fẹ́ gbìn ín. A ó tún bi yín bóyá orí ilẹ̀ pupa ní Ìmọ̀tà ni oko yín wà, tàbí etí ọ̀sà ní Bàyẹ́kù. Nígbà míì a máa ń rọ̀ yín pé kí ẹ mú irú mìíràn. A fẹ́ tà, ṣùgbọ́n a ò fẹ́ kí owó yín wọlẹ̀.

Iceberg ni lẹ́túùsì tó ń dì bíi kábéèjì, tí ewé rẹ̀ le, tó sì kún fún omi. Amẹ́ríkà ni wọ́n ti kọ́kọ́ tà á lábẹ́ orúkọ yẹn lọ́dún 1894. Ibi tútù ló fẹ́, níbi tí ọ̀sán kò ti ju nǹkan bíi 15 sí 20 lọ lórí ìwọ̀n Celsius. Ní Ìkòròdú níbí, ọ̀sán oṣù Kejì àti oṣù Kẹta máa ń tó 32 tàbí 33. Ẹ wo lẹ́túùsì tó ń bọ̀ sí Mile 12: ọ̀pọ̀ rẹ̀ ló ń ti Jos wá, níbi tí ilẹ̀ ti ga tó nǹkan bíi 1,200 mítà ju òkun lọ. Bí ooru bá mú Iceberg jù, kò ní dì. Àárín rẹ̀ á nà sókè láti yọ òdòdó, ewé á sì korò débi pé kò sí oníṣàwámà tó máa gbà á lọ́wọ́ yín.

Nítorí náà, oṣù tí orí rẹ̀ máa dì ni kẹ́ ẹ máa rò. Láti ìgbà tẹ́ ẹ bá fún irúgbìn títí di ìkórè, ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá sí méjìlá, tí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin nínú rẹ̀ jẹ́ ti nọ́sìrì. Ẹni tó bá fún un níparí oṣù Kẹwàá, inú ọyẹ́ ni tirẹ̀ máa dì, nígbà tí òru bá tutù. Ẹni tó bá fún un níparí oṣù Karùn-ún á kórè lóṣù Kẹjọ, nígbà tí ìkùukùu ń bo oòrùn. Òjò ni ìṣòro ìgbà yẹn: ẹbè gbọ́dọ̀ ga, kí ẹ sì fi náílọ́ọ̀nù ṣe òrùlé sí i, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ìdí rẹ̀ á jẹrà.

Fún ìgbà méjèèjì yìí, Great Lakes, irú Iceberg kan, la máa ń fún yín. Ọdún 1941 ló jáde ní Amẹ́ríkà. Kì í tètè yọ òdòdó bíi ti àtijọ́, etí ewé rẹ̀ kì í sì í tètè jó. Etí ewé tó ń jó yẹn, kálísíọ́ọ̀mù tí kò dé ewé inú ló ń fà á, àgàgà bí ẹ bá ń bomi rin ín lónìí tẹ́ ẹ sì gbàgbé lọ́la, tàbí tí ajílẹ̀ bá pọ̀ jù. Salinas, irú Iceberg mìíràn, dára gan-an, ṣùgbọ́n ibi tútù ni wọ́n dìídì ṣe é fún. Ẹni tó ní oko lókè Jos la ń tà á fún.

Láti oṣù Kejì dé oṣù Kẹrin, a kì í ta Iceberg rárá. Ẹ mú Batavia: kì í dì pátápátá, ṣùgbọ́n ewé rẹ̀ le, ó sì ń fara da ooru. Bí ẹ bá fi nẹ́ẹ̀tì tó ń dín oòrùn kù bò ó, ẹ ó rí nǹkan tà. Grand Rapids tó jẹ́ ewé lásán tilẹ̀ ń yá ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọ̀rọ̀ kan tó ń dùn wá ni ti àwọn tó ń dá irúgbìn padà pé ó ti kú. Lọ́pọ̀ ìgbà, ó sùn ni. Bí ilẹ̀ bá gbóná ju nǹkan bíi 28 lọ, irúgbìn lẹ́túùsì lè kọ̀ láti hù. Ẹ fi aṣọ tútù wé e, ẹ gbé e sí ìsàlẹ̀ fíríìjì (kì í ṣe ibi yìnyín) fún ọjọ́ kan, kí ẹ wá fún un ní ìrọ̀lẹ́. Ẹ má bò ó jìn, ìmọ́lẹ̀ ń ràn án lọ́wọ́. Èyí tí wọ́n fi amọ̀ bò ní kóro kóro, ẹ má rẹ ẹ́ o.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Ẹ̀pẹ́ àti Àgbádárìgì, yanrìn yín kì í gba omi dúró, gbòǹgbò lẹ́túùsì kò sì jìn. Ẹ po ìgbẹ́ adìyẹ tó ti jẹrà dáadáa mọ́ ọn. Kí ẹ sì tọ́ omi kànga yín wò: bí iyọ̀ bá wà nínú rẹ̀, ẹ má fi bomi rin ín.

Bí ẹ bá ń bọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù, ẹ sọ oṣù, ẹ sọ irú ilẹ̀, ẹ sọ ibi tí omi yín ti ń wá. Great Lakes tuntun máa dé lóṣù Kẹsàn-án. Lẹ́yìn oṣù Kọkànlá, a ò ní tà á mọ́ títí di oṣù Karùn-ún.

Àwa tiyín, ọgbà irúgbìn yín ní Ìkòròdú.