Àkànní, nípa ọ̀pá súnúkà tó kán

Àkànní ọmọ mi,

Ṣé dáadáa ni o wà? Màmá rẹ ní kí n kí ọ. Wọ́n ti ròyìn ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Mọ́kọ́lá lálẹ́ Sátidé fún mi. Wọ́n ní ọmọ tí ẹ jọ ń gbá súnúkà gbé bọ́ọ̀lù funfun pa mọ́ sẹ́yìn bọ́ọ̀lù mìíràn, tí o kò fi rí ọ̀nà gbá èyí tó kàn ọ́, inú bí ọ, o kàn gbá a ṣáá, ó sì pa ọ́ láyò. Lẹ́yìn náà lo fi ọ̀pá súnúkà ẹni ẹlẹ́ni lu etí tábìlì títí tó fi kán. Ọ̀rọ̀ náà dùn mí gan-an. Kì í ṣe torí pé ò ń gbá súnúkà. O mọ̀ pé èmi náà gbá a títí mo fi bí ọ.

Nígbà tí mo gbọ́ ọ, Efren Reyes, ọ̀gá nídìí súnúkà, ni mo rántí. Ará Filipínì ni, ọdún 1954 ni wọ́n bí i. Ọmọ ọdún márùn-ún ni nígbà tó lọ ń gbé lọ́dọ̀ ìbátan rẹ̀ kan tó ní ilé súnúkà ní Manila. Ọwọ́ rẹ̀ kò tó tábìlì, kéèsì Coca-Cola ló ń gbé kiri tó ń gun orí rẹ̀ kó tó lè gbá bọ́ọ̀lù. Tó bá dalẹ́, orí tábìlì yẹn náà ló ń sùn. “Bata” ni wọ́n ń pè é. Kì í ṣe bàtà ẹsẹ̀, kì í ṣe ìlù bàtá: ọmọdé ni ìtumọ̀ rẹ̀ lédè wọn, torí Efren mìíràn tó jù ú lọ ti wà nídìí súnúkà. Ó di bàbá arúgbó, Bata náà ni.

Ní 1985 ó lọ sí Houston ní Amẹ́ríkà, ó fi orúkọ Cesar Morales gbá níbẹ̀, torí òkìkí rẹ̀ ti débẹ̀ ṣáájú rẹ̀. Owó ni wọ́n ń fi ta á, mi ò sì yìn ín fún ìyẹn. Ṣùgbọ́n ní 1994 ó gba US Open, ìdíje ńlá wọn ní Amẹ́ríkà, òun sì ni ẹni àkọ́kọ́ tí kì í ṣe ọmọ Amẹ́ríkà tó gbà á. Ní 1999 ó di ọ̀gá gbogbo ayé ní Cardiff, ní Wales.

Ti 1995 ni mo fẹ́ kí o wò dáadáa lórí fóònù rẹ. Òun àti Earl Strickland, ọmọ Amẹ́ríkà kan, ni, ayò tó kẹ́yìn. Strickland fi bọ́ọ̀lù pa mọ́ ọn lójú, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe ṣe fún ìwọ náà. O mọ̀ pé nínú nine-ball, ayò oníbọ́ọ̀lù mẹ́sàn-án, bọ́ọ̀lù tí nọ́ńbà rẹ̀ kéré jù ni funfun gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kàn. Kò sí ọ̀nà. Efren kò fajú ro. Ó wo etí tábìlì, ó di ọ̀pá rẹ̀ mú níbi ìdí pátápátá bó ṣe máa ń ṣe, ó rọra gbọ́nwọ́, ó gbá a. Funfun lọ kan etí kan, ó yà kan èkejì, ó wá bá bọ́ọ̀lù náà níbi tó sá pa mọ́ sí, ó sì tì í wọ ihò! Gbogbo ilé pariwo. Òun kàn ń rẹ́rìn-ín ni, bí ọmọ tí wọ́n ká mọ́ ìdí ìkòkò ọbẹ̀.

Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú, Àkànní. Ojú ọ̀nà tí wọ́n dí mọ́ ọ lọ́jọ́ Sátidé, o kò tilẹ̀ wò ó yí ká kí o tó fi ìbínú gbá a.

Mo ti fi owó ọ̀pá náà ránṣẹ́ sí àkáǹtì rẹ. Má fi ra nǹkan mìíràn. Gbé e lọ fún bàbá tó ni tábìlì, kí o dọ̀bálẹ̀ fún un. Tí o bá rí ọmọ tó pa ọ́ láyò, bẹ òun náà. Lẹ́yìn náà, sọ fún un pé kó tún bọ́ọ̀lù yẹn tò fún ọ bó ṣe wà lálẹ́ ọjọ́ náà, kí o sì máa wá ọ̀nà rẹ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú.

Èmi ni,
Bàbá rẹ.