Ẹ bi ọmọ léèrè oorun kí ẹ tó mú pàṣán

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Mo ka lẹ́tà bàbá tó ní kí wọ́n dá pàṣán padà sí ilé ẹ̀kọ́ nítorí pé àwọn ọmọ ìwòyí ń kanra, wọ́n sì ń dá àgbà lóhùn. Olùkọ́ ìṣirò ni mí ní Ìkòròdú, ọ̀dọ̀ mi ni kíláàsì SS2 wà. Kí n tó fa ọmọ kankan lé ọ̀gá lọ́wọ́ fún ìbáwí, mo máa ń bi í pé: ìgbà wo lo sùn lánàá, ìgbà wo lo jí?

Ọmọbìnrin kan wà níbẹ̀, ọmọ ọdún 15. Bí ẹni tó jókòó tì í bá ṣèèṣì fi ìgbọ̀nwọ́ kàn án, á gbaná jẹ, ẹkún ló sì máa ń gbẹ̀yìn ẹ̀. Ìyá rẹ̀ ń din àkàrà ní ìdíkọ̀. Aago mẹ́rin ìdájí lọmọ yìí ń jí lọ lọ ẹ̀wà lẹ́nu ẹ̀rọ. Ó ń ṣe lẹ́sìnì dìrọ̀lẹ́, ó ń ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá, kò sì ń fẹ̀yìn lélẹ̀ kó tó di aago mọ́kànlá. Wákàtí 5 nìyẹn, bẹ́ẹ̀ láti 2016 ni ẹgbẹ́ àwọn dókítà oorun ní Amẹ́ríkà ti là á sílẹ̀ pé wákàtí 8 sí 10 ló yẹ kí ọmọ ọdún 13 sí 18 máa fi sùn lójúmọ́. Mo bá ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ló ń lọ sẹ́nu ẹ̀rọ báyìí. Kò tíì di áńgẹ́lì o, ṣùgbọ́n ó ti ń rẹ́rìn-ín.

Àwọn òbí á ní, "Ṣebí kó tètè lọ sùn." Ara ọmọ tó ń bàlágà kì í fẹ́ gbà. Melatonin, èròjà tí ọpọlọ ń tú jáde kí oorun lè kunni, máa ń pẹ́ dé lára wọn ju ìgbà tí wọ́n kéré lọ, ojú wọn á ṣì máa dán lóru. Àsìkò yẹn gan-an ni àwọn iléeṣẹ́ tẹlifóònù wá ń ta dátà òru ní pọ́ọ́kú, láti aago méjìlá lọ. Ta ni wọ́n rò pé yóò rà á? Àwọn ọmọkùnrin tó ń jà jù ní kíláàsì mi ni oníbàárà wọn. Ó ń bí mi nínú gidigidi.

Kì í ṣe oorun nìkan ló ń fa ìwà o. Ọmọ tí ìbànújẹ́ bá wọ̀ lára náà kì í rí oorun sùn, òmíràn á sì máa sùn ṣáá. Kí òbí fura sí méjèèjì.

Ní Seattle, ní Amẹ́ríkà, wọ́n sún ìwọlé àwọn ilé ẹ̀kọ́ girama láti aago 7:50 sí 8:45 ní 2016. Nígbà tí àwọn olùwádìí wọn oorun àwọn ọmọ náà, ó ti fi ìṣẹ́jú 34 lé sí i. Ní tiwa, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ fagi lé lẹ́sìnì ìdájí tí àwọn ilé ẹ̀kọ́ kan ń ṣe kí wọ́n tó to ìlà. Ẹ̀yin òbí, ẹ máa gba fóònù lọ́wọ́ wọn ní aago mẹ́sàn-án alẹ́. Ẹ̀yin bàbá tó kọ lẹ́tà, mo bẹ̀ yín, ẹ fi ọ̀sẹ̀ kan ṣoṣo kọ wákàtí oorun ọmọ yín sílẹ̀, kí ẹ sì tún kọ̀wé sí Olóòtú.

Olùkọ́ ìṣirò,
Ìkòròdú, Ìpínlẹ̀ Èkó