Fújì, fíìmù àti ẹ̀rí-ọkàn ọmọ Ìjọ Àgùdà

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ìbéèrè kan wà tí àwọn ọ̀dọ́ kíláàsì katikísímù kì í yéé bi àwa olùkọ́ wọn: ṣé ọmọ Ìjọ Kátólíìkì lè jó fújì ní Sátidé, kó wo fíìmù di òru, kó sì lọ gba Kòmúníò ní Sọ́ńdè láìsí pé ọkàn rẹ̀ ń dá a lẹ́bi? Àwọn ọ̀rẹ́ wọn ti sọ fún wọn pé orin tí kò bá ti dárúkọ Jésù, ti èṣù ni. Ohun tí Ìjọ fi ń kọ́ni kọ́ nìyẹn.

Tọ́máàsì Mímọ́ ti Aquinas, àgbà onímọ̀ ẹ̀kọ́ Ọlọ́run tó kú ní 1274, ti sọ̀rọ̀ lórí eré àti òṣèré kí ẹnikẹ́ni tó lá àlá sinimá. Ó mú ìtàn àtijọ́ kan wá, pé àwọn kan bá Jòhánù Mímọ́ Ajíyìnrere níbi tó ti ń bá àwọn ọmọ-ẹ̀yìn rẹ̀ ṣeré, ó sì bí wọn nínú. Jòhánù ní kí ẹni tó mú ọrun lọ́wọ́ nínú wọn ta ọfà. Ó ta á, ó tún ta á. Jòhánù bi í bóyá ó lè máa ta á lọ bẹ́ẹ̀ láìsinmi. Ó ní rárá, ọrun á ṣẹ́. Jòhánù ní bẹ́ẹ̀ náà ni ọkàn èèyàn. Tọ́máàsì tún fi kún un pé ẹni tí kì í ṣàwàdà rárá, tó sì ń ba àwàdà ẹlòmíì jẹ́, òun náà ń ṣẹ̀. (Àwọn kan wà nínú ẹgbẹ́ wa tó yẹ kí wọ́n ka ibẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì.)

Nǹkan mẹ́ta ló ní ká ṣọ́ra fún: kí eré má ní ìwà tàbí ọ̀rọ̀ ìbàjẹ́ nínú, kí a má ṣe é débi tí orí wa yóò fi dàrú, kí ó sì bá ẹni, àkókò àti ibi tí a wà mu. Èyí tó wà láàárín kò ṣòro fún ẹnikẹ́ni láti lóye. Àkọ́kọ́ àti ìkẹta ló ń dá wàhálà sílẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká mú fíìmù. Ní ọjọ́ 4 oṣù Kejìlá 1963, Kọ́ńsílì Vátíkàn Kejì, ìyẹn ìpàdé ńlá àwọn bíṣọ́ọ̀bù Ìjọ, gbé àṣẹ jáde lórí ìwé ìròyìn, sinimá, rédíò àti tẹlifíṣọ̀n. Ìpín keje rẹ̀ gbà pé fífi ìwà burúkú hàn nínú eré lè ràn wá lọ́wọ́ láti mọ ọmọ aráyé dáadáa, kí òtítọ́ sì tàn sí i, bí wọ́n bá ṣe é níwọ̀ntúnwọ̀nsì. Nítorí náà, kì í ṣe gbogbo fíìmù tí babaláwo bá ti jókòó ti ọpọ́n ni ó yẹ ká pa. Ẹni tó lọ gba oògùn ló ń ṣẹ̀ sí òfin kìíní nínú Òfin Mẹ́wàá, kì í ṣe ẹni tó ń wo òṣèré tó ń pe ọfọ̀ níwájú kámẹ́rà. Ó máa ń yà wá lẹ́nu pé ẹni tó ń sá fún fíìmù Yorùbá nítorí ọfọ̀ ló ń wo fíìmù òyìnbó tí òkú ti ń jí mu ẹ̀jẹ̀ èèyàn, tí ojú rẹ̀ ò sì ṣẹ́.

Ohun tó yẹ ká wò ni ẹni tí fíìmù náà fẹ́ ká fara wé. Bó bá lo wákàtí kan àbọ̀ láti fi hàn bí oògùn owó ṣe dùn tó, tó wá fi ìṣẹ́jú márùn-ún ìparí fìyà jẹ ẹlẹ́ṣẹ̀, ẹ ti mọ ibi tí ìfẹ́ rẹ̀ wà. Ti àwòrán ìhòòhò ò ní àríyànjiyàn: ìpínrọ̀ 2354 nínú Katikísímù Ìjọ Kátólíìkì pè é ní ẹ̀ṣẹ̀ tó wúwo.

Orin ló yẹ ká yẹ̀ wò ju fíìmù lọ, bẹ́ẹ̀ òun gan-an ni a máa ń gbójú fò. Ẹ̀ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì la máa ń wo fíìmù, ẹlòmíì ló sì ń hùwà burúkú níbẹ̀. Orin ńkọ́? A lè kọ ọ́ nígbà ogójì lọ́sẹ̀ kan, ẹnu àwa fúnra wa ló sì ń wí pé “èmi”. Ọmọ tó ń kọ orin tó ń yin Yahoo láti àárọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú ń ka ìpinnu sétí ara rẹ̀ ni. Ẹ dán èyí wò: ẹ da ọ̀rọ̀ orin náà kọ sínú ìwé, kí ẹ pa ìlù, kí ẹ kà á sókè níwájú ìyá yín. Èyí tí ẹ ò bá lè kà parí, ẹ ti mọ iye tó jẹ́. Ọ̀pọ̀ jùjú, àpàlà àti orin ìfẹ́ ni ẹ ó kà tí ìyá yín á tún bá yín gbè é.

Ẹ yẹ fóònù yín náà wò. Lórí Spotify, lẹ́tà E kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ orin ń sọ pé ọ̀rọ̀ rírùn wà nínú rẹ̀, ẹ sì lè lọ sí Settings kí ẹ ti ilẹ̀kùn mọ́ gbogbo irú orin bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn tó ni orin ló ń sọ èyí tí E tọ́ sí. Bí wọ́n bá fi ẹwà Yorùbá di àlùfànṣá bí ẹní di ẹ̀kọ, tí wọn ò sì kéde rẹ̀, yóò kọjá wọ́ọ́rọ́wọ́. Lórí YouTube, ẹ pa Autoplay lókè fídíò, nítorí fídíò tí ẹ yàn kọ́ ló máa ń ṣeni, ìkẹrin tó tẹ̀ lé e ni. Lórí Netflix, ẹ fún àwọn ọmọ ní ojú ìwé (profile) tiwọn, kí ẹ sì fi PIN ti tàgbà pa.

Ó ku ibi àti àkókò. Ìyàwó àti ọkọ a máa mú orin ìfẹ́ tí wọ́n fẹ́ràn wá pé kí ẹgbẹ́ akọrin fi mú wọn wọlé níbi Mísà ìgbéyàwó, inú a sì bí wọn bí Fádà bá kọ̀. Orin náà lè mọ́ bí omi òjò, síbẹ̀ ibẹ̀ kọ́ ni àyè rẹ̀. Kọ́ńsílì kan náà ló sọ nínú ìwé rẹ̀ lórí ìsìn, ìpín 121, pé ọ̀rọ̀ orin ìsìn gbọ́dọ̀ bá ẹ̀kọ́ Ìjọ mu, kó sì ti inú Ìwé Mímọ́ àti ìwé ìsìn wá jù lọ. Ẹ fún ọ̀gá akọrin ní orúkọ orin tí ẹ fẹ́ ní oṣù kan ṣáájú, kí ẹ kó èyí tó bá dá padà fún DJ. Àwọn ọmọ Àgùdà tó ti Brazil padà sí Àjàṣẹ́, ìyẹn Porto-Novo ní orílẹ̀-èdè Benin, mọ èyí dunjú: bí wọ́n bá ń ṣàjọ̀dún Bonfim (Olúwa wa ti Bonfim) lóṣù kìíní, Mísà ní àyè tirẹ̀, ijó burrinha àti orin Potogí ní àyè tirẹ̀.

Ní ti Lẹ́ńtì, òfin Ìjọ kankan ò ní kí ẹ má gbọ́ orin nílé. Inú ìsìn ni òfin wà: a kì í kọ Alelúyà, dùùrù àti ìlù kò sì gbọ́dọ̀ dá dún, àfi láti gbé orin ró, yàtọ̀ sí Sọ́ńdè kẹrin àti àwọn àjọ̀dún ńlá. Ẹni tó bá fi fújì rẹ̀ sílẹ̀ fún ogójì ọjọ́, ẹbọ àtinúwá ló rú, kó má sì fi mú aládùúgbò.

Ìjẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ ló kẹ́yìn. Bí àwòrán burúkú bá yọ lójijì, tí ẹ yíjú kúrò, ẹ ò dẹ́ṣẹ̀, nítorí ẹ̀ṣẹ̀ ikú ń béèrè ọ̀ràn tó wúwo, ìmọ̀ kíkún àti ìfọwọ́sí ọkàn. Bí ẹ bá mọ̀ọ́mọ̀ jókòó tì í, ẹ sọ irú ẹ̀ṣẹ̀ náà àti iye ìgbà: “Mo mọ̀ọ́mọ̀ wo àwòrán ìhòòhò lẹ́ẹ̀mẹta.” Ó tó. Fádà ò nílò orúkọ fíìmù náà.

Àwa olùkọ́ katikísímù,
Ìbàdàn.