Lẹ́tà sí ọ̀rẹ́ mi lórí owó ilé-ìkàwé ọgbà ẹ̀wọ̀n

Ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

O kú ọjọ́ mẹ́ta. Lẹ́tà rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́, inú mi sì dùn pé àlàáfíà ni ìwọ àti gbogbo ará ilé wà. Ìbéèrè tí o fi kásẹ̀ rẹ̀ nílẹ̀ ni kò jẹ́ kí n tètè fèsì. O ní kí ni ìjọba ń wá tí yóò fi máa kó owó orí aráàlú ra ìwé fún àwọn tí ó rú òfin, nígbà tí owó kò tó ná lórí ilé-ìkàwé tí àwọn ọmọlúàbí ń lò níta.

Òmìnira àtilọ àtibọ̀ ni adájọ́ gbà lọ́wọ́ ẹlẹ́wọ̀n. N kò tíì gbọ́ ìdájọ́ tí ó ní kí ẹnikẹ́ni má kàwé mọ́. Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ti fi ilé-ìkàwé sínú ìlànà ìtọ́jú ẹlẹ́wọ̀n láti 1955. Nígbà tí wọ́n tún ìlànà náà ṣe ní 2015, tí wọ́n fi orúkọ Nelson Mandela sọ ọ́, ìlànà 64 ní kí gbogbo ọgbà ẹ̀wọ̀n ní ilé-ìkàwé tí gbogbo ẹlẹ́wọ̀n lè lò, tí ìwé ẹ̀kọ́ àti ìwé ìgbafẹ́ yóò pọ̀ tó nínú rẹ̀. Kò sọ àpò tí owó yóò ti jáde, ibẹ̀ ni wàhálà sì ti bẹ̀rẹ̀.

Bí ó bá jẹ́ pé inú owó tí ọgbà ẹ̀wọ̀n fi ń bọ́ ènìyàn, tí ó fi ń ra oògùn, tí ó fi ń san owó oṣù àwọn wọ́dà ni owó ìwé yóò ti jáde, ìwọ náà mọ̀ pé ìwé ni yóò kẹ́yìn. Kò sí ọ̀gá ọgbà ẹ̀wọ̀n tí yóò jẹ́ kí oúnjẹ tán nítorí ìwé atúmọ̀ èdè, n kò sì dá a lẹ́bi. Àwọn ẹlẹ́yinjú àánú a wá kó ìwé wá: ìwé ìsìn, ìwé ẹ̀kọ́ tí ilé-ẹ̀kọ́ ti pa tì, ìwé òfin tí wọ́n ti yí padà, ìtàn alápá mẹ́ta tí apá kejì rẹ̀ ti sọnù. Oore ni, mo gbà, ṣùgbọ́n ọrẹ kì í gba òṣìṣẹ́, kì í sì í ṣí ilẹ̀kùn. Ẹlẹ́wọ̀n kò lè dìde kí ó gba ilé-ìkàwé lọ bí èmi àtìwọ. Wọ́dà ni yóò sìn ín lọ, tí yóò sì dúró tì í. Lọ́jọ́ tí wọ́dà kò bá tó, ilé-ìkàwé ni wọn yóò kọ́kọ́ tì pa, ìbáà kún fún ìwé dé àjà. Nítorí náà, bí mo bá ń sọ̀rọ̀ owó ilé-ìkàwé, wákàtí wọ́dà wà nínú rẹ̀, owó oṣù olùtọ́jú ilé-ìkàwé náà sì wà nínú rẹ̀, ẹni tí yóò dá ẹni tí kò mọ̀wé kà rárá mọ̀ yàtọ̀ sí ẹni tí ń wá ìwé òfin nítorí ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn, tàbí ẹni tí kò gbọ́ èdè ibẹ̀.

Ọ̀nà tí àwọn ará Nọ́wè gbà ṣe é wù mí. Ilé-ìkàwé ìlú ni ó ń bójú tó ti inú ọgbà ẹ̀wọ̀n, ìjọba orílẹ̀-èdè ń san owó rẹ̀, olùtọ́jú ilé-ìkàwé ibẹ̀ kì í sì í ṣe òṣìṣẹ́ ọgbà ẹ̀wọ̀n. Bí ìwé tí ẹnìkan ń wá kò bá sí níbẹ̀, wọ́n lè yá a wá láti ilé-ìkàwé mìíràn. Èsì mi sí àríwísí rẹ nìyẹn: owó bẹ́ẹ̀ kò jáde kúrò nínú ilé-ìkàwé aráàlú, ẹ̀ka kan sí i ni ó dá sílẹ̀.

Ohun tí ó ń bà mí lẹ́rù ni kí ìjọba yọwọ́, kí oníṣòwò sì wọlé. Ní 2019, ìròyìn jáde nípa àdéhùn kan ní West Virginia, ní Amẹ́ríkà, pé wọn yóò fún àwọn ẹlẹ́wọ̀n ní tablet, ẹ̀rọ pẹlẹbẹ tí ènìyàn lè fi kàwé, lọ́fẹ̀ẹ́, ṣùgbọ́n ìṣẹ́jú-ìṣẹ́jú ni wọn yóò máa gba owó ìwé kíkà lọ́wọ́ wọn, àní lórí ìwé àtijọ́ tí ẹni tí ó wà níta ń kà lọ́fẹ̀ẹ́. Rò ó wò: ẹni tí kò mọ̀wé kà dáadáa, tí ń tú ọ̀rọ̀ ní ẹyọ ẹyọ, ni yóò san owó jù.

Bí o bá tún bá àwọn aṣòfin ọ̀hún yín sọ̀rọ̀, bá mi béèrè iye wákàtí tí ilé-ìkàwé ọgbà ẹ̀wọ̀n wọn ń ṣí láàárín ọ̀sẹ̀ kan, àti ibi tí owó rẹ̀ wà nínú ìwé ìṣúná. Iye ìwé tí ó wà níbẹ̀, má wulẹ̀ béèrè rẹ̀. Ìyẹn ni wọn yóò kọ́kọ́ sọ fún ọ.

Mò ń retí èsì rẹ.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ tòótọ́.