Àbẹ̀kẹ́, yíǹkì búráùn rẹ ti tẹ̀ mí lọ́wọ́

Abẹ́òkúta

Àbẹ̀kẹ́ ọmọ mi,

Mo kí ọ o. Ṣé òtútù Lọ́ńdọ̀nù kò dà ọ́ láàmú jù? Àlàáfíà ni gbogbo wa wà. Yíǹkì búráùn tí wọ́n ń pè ní Caroube de Chypre, tí o fi rán ẹ̀gbọ́n rẹ sí mi, ti dé láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, gègé mi àtijọ́ ni mo sì fi ń dán an wò. O bi mí bóyá kí o máa fi kọ gbogbo nǹkan. Rárá o.

Ìwé ọmọ iléèwé ni mo kọ́kọ́ kọ ọ́ sí. Búráùn lásán ni mo rí, bí omi àgbo, kò dán rárá. Owó rẹ ló ń dùn mí. Ìgbà tó yá, mo kọ orúkọ rẹ sí ẹ̀yìn kàlẹ́ńdà ọdún tó kọjá, tí bébà rẹ̀ ń yọ̀, mo gbé e lọ sójú fèrèsé. Níbi tí ìdí lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ti parí, tí yíǹkì ti ṣù jọ, àwọ̀ ewé ń kọ mọ̀nà lórí búráùn, bí ọrùn ẹyẹlé nínú oòrùn. Igbe ayọ̀ ni mo ké.

Kì í ṣe ẹ̀tù aláwọ̀ wúrà tó ń dán nínú yíǹkì náà ni mò ń sọ. Ìyẹn máa ń lọ jókòó sí ìdí ìgò bíi gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ẹmu. Rọra mi ìgò náà kí o tó fa yíǹkì. Àwọ̀ ewé yẹn, aró inú yíǹkì fúnra rẹ̀ ni, tí bébà kò fà mu, tó wá gbẹ sójú. Gègé ẹlẹ́nu tẹ́ẹ́rẹ́ kì í sábà gbé e jáde. Lo èyí tí ẹnu rẹ̀ fẹ̀, lórí bébà Tomoe River ti Jàpáànù.

Kò ṣàjèjì sí mi. Aláró ni ìyá mi, ní Ìtòkú níbí. Bí aró bá ti pé nínú ìkòkò, ojú rẹ̀ á máa dán bíi bàbà. Aṣọ tí wọ́n bá rẹ ní àrẹ̀túnrẹ̀, tí wọ́n fi kùmọ̀ lù, á máa kọ yẹ̀rì. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ró o, aró á ràn mọ́ ọn lọ́rùn, lápá.

Bẹ́ẹ̀ náà ni yíǹkì yìí. Lọ́jọ́ kejì, mo ń fọ abọ́, ọwọ́ mi tó tutù kan kàlẹ́ńdà náà, “Àbẹ̀kẹ́” sì fà lọ gbọọrọ dé etí bébà. Nítorí náà, má fi kọ fọ́ọ̀mù, má fi kọ àdírẹ́sì sára àpò lẹ́tà tí òjò lè pa, má sì fi buwọ́ lu ìwé owó. Fi kọ ìwé ìrántí rẹ, fi kọ lẹ́tà sí mi.

Má sì jẹ́ kó sùn sínú gègé. Mo gbàgbé tèmi fún ọjọ́ mẹ́wàá, ẹnu rẹ̀ dí pátápátá. Inú omi ló sùn mọ́jú, omi náà ṣì ń pọ́n rúsúrúsú láàárọ̀.

Bí o bá ń fèsì, jẹ́ kí ìwé náà là sílẹ̀ di ọjọ́ kejì kí o tó ká a.

Èmi ni,
Ìyá rẹ